Àbúrò mi ti ṣáájú mi: ìdáhùn sí ẹ̀gbọ́n tí ìlara gba oorun lójú rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Èmi ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́rin, olùkọ́ sì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní Òṣogbo. Nígbà tí bàbá wa kú, èmi ni mo san owó WAEC àbúrò mi ọkùnrin, mo sì ràn án lọ́wọ́ títí ó fi jáde ní pólì. Lónìí, ó ń kó ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀ wọlé ní Èkó, ó ti kọ́ ilé sí ìlú wa, ó sì ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún ìyá wa. Ilé onílé ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa mẹ́ta ṣì ń gbé. Ní ìpàdé ẹbí, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ yíjú sí. Mo máa ń bá a yọ̀ lójú, ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn. Ní oṣù tó kọjá, kọ̀ntéènà rẹ̀ há sí èbúté Àpápá, inú mi sì dùn. Ìdùnnú yẹn ni ó wá bà mí lẹ́rù. Oorun ti dá lójú mi. Ṣé ènìyàn burúkú ni mí? Kí ni kí n ṣe kí ọkàn mi lè balẹ̀? Ṣé kí n lọ síbi ìṣílé rẹ̀ ní oṣù Kejìlá?

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, irú lẹ́tà yìí ṣọ̀wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìlara kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tí ń wá ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹni tí aráyé ń ṣe ìlara sí ni oníkálukú máa ń pe ara rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí àdúrà wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti níbi ìsọmọlórúkọ: à ń bẹ Ọlọ́run kí ó gbà wá lọ́wọ́ ọ̀tá ilé, à ń ka Súrátù Fálàkì tí ó kọ́ wa láti sá di Olúwa kúrò nínú aburú onílara nígbà tí ó bá ṣe ìlara. Àdúrà náà dára, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni dá a dúró. Ohun tí ó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo ìjọ ní í ṣe àmín, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan láàárín wọn tí ó gbà pé òun ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ẹ̀yin gbà. Mo mọ̀ pé kò rọrùn, nítorí pé lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, onílara kò jìnnà sí àjẹ́ àti apani, ẹni tí ó bá sì ní ìlara lọ́kàn yóò kúkú gbé e mì ju kí ó sọ ọ́ jáde lọ.

Ṣé ènìyàn burúkú ni yín? Rárá. Ní ọdún 2009, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Japan, Hidehiko Takahashi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọpọlọ wo ènìyàn 19 bí wọ́n ṣe ń ka ìtàn nípa ẹni tí ó ta wọ́n yọ nínú ohun tí àwọn náà kà sí pàtàkì. Apá ọpọlọ tí ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí nǹkan bá ń dun ènìyàn ni ó dáhùn. Nígbà tí wọ́n wá kà á pé àjálù ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà, apá tí ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá rí èrè gbà ni ó dáhùn. Bí ti àkọ́kọ́ bá sì ṣe le tó lára ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ti èkejì ṣe máa ń lágbára tó. Ìdùnnú tí ẹ ní nígbà tí kọ̀ntéènà há kì í ṣe ti ẹni tí ó fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ parun. Ìtura ẹni tí nǹkan ti ń dùn láti ọjọ́ pípẹ́ ni.

N kò sọ èyí kí ẹ lè fi wẹ ara yín mọ́. Ìbéèrè kan wà tí ó le ju èyí tí ẹ bi mí lọ: láti ìgbà tí ilé yẹn ti ń gòkè, kí ni ẹ ti ṣe? Ṣé ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ àbúrò yín láìdáa lójú yín tí ẹ sì dákẹ́? Ṣé ẹ ti ń fi àwàdà gún un lára? Ṣé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n rán yín sí i tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé láti jẹ́? Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí ni kí ẹ kọ́kọ́ dáwọ́ wọn dúró, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun nípa bí ó ṣe ń ṣe yín nínú, nítorí pé ọwọ́ àti ẹnu ṣeé kó níjàánu lónìí, ọkàn a sì máa tẹ̀ lé wọn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ìdí tí ó fi jẹ́ àbúrò yín gan-an. Ohun tí Aliko Dangote ní ju ilé kan àti kànga kan lọ, kò sì gba oorun lójú yín rí. Leon Festinger, onímọ̀ nípa ìwà àti ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé ní ọdún 1954 pé ẹni tí ó jọ wá ni a máa ń fi ara wa wé, kì í ṣe ẹni tí ó jìnnà réré sí wa. Ní àwọn ọdún 1980, Abraham Tesser fi kún un pé nǹkan méjì ní í mú àṣeyọrí ẹlòmíràn dun ni: kí ẹni náà súnmọ́ wa, kí ohun tí ó fi ta wá yọ sì jẹ́ ohun tí àwa náà fi ń díwọ̀n ara wa. Bí ó bá súnmọ́ wa ṣùgbọ́n tí ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀, ńṣe ni a máa ń fi í yangàn. Ká ní bọ́ọ̀lù ni àbúrò yín ń gbá ní ilẹ̀ òkèèrè ni, ó ṣeé ṣe kí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri kíláàsì yín lónìí.

Ilé Yorùbá wá gbé ẹrù kan lé èyí lórí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ yín pé ẹ̀gbọ́n ni yóò kọ́kọ́ mú ẹran nínú àwo, pé àbúrò kò gbọdọ̀ pe ẹ̀gbọ́n ní orúkọ gbàlàjà, pé bí bàbá kò bá sí, Dáódù ni bàbá. Wọn kò kọ́ yín ní ohun tí Dáódù yóò ṣe nígbà tí ọwọ́ àbúrò bá ga ju tirẹ̀ lọ. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé kì í ṣe ilé ni ó ń dùn yín. Ẹ wò ó báyìí: ká ní ẹ ní ilé méjì lọ́la, tí ìpàdé ẹbí sì ṣì ń kọ́kọ́ yíjú sí àbúrò yín, ṣé oorun yóò padà? Bí kò bá ní padà, a jẹ́ pé ipò ni ẹ ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, kò sì sí iye búlọ́ọ̀kù tí ẹ lè tò tí yóò dá a padà. Mo ti rí ẹ̀gbọ́n tí ó lọ yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí ó lè kọ́lé bá àbúrò, tí gbèsè náà sì kó ìwọ̀nba ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ó kù fún un lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba ọ̀nà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí á tú ipò náà wò pẹ̀lú. Kí ni wọ́n ń bi àbúrò yín ní ìpàdé? Bí ẹbí yín bá rí bí ọ̀pọ̀ ẹbí ṣe rí, ohun tí ó sábà máa ń wà nílẹ̀ ni owó òkú, owó ilé ìwòsàn àti owó òrùlé ilé bàbá àgbà. Ẹni tí ó ní owó ni wọ́n ń bi, wọn kò sì bi í nítorí pé òun ni ó gbọ́n jù. Púpọ̀ nínú àwọn àbúrò tí wọ́n wà lórí irú àga bẹ́ẹ̀ ni ó ti rẹ̀, wọn kò kàn lè sọ ọ́ síta ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ààlà ilẹ̀ ẹbí yín? Ta ni ń parí ìjà nígbà tí àwọn ìyàwó ilé bá kọ ẹ̀yìn sí ara wọn? Ta ni ìyá ń pè ní òru nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń ro ó? Iṣẹ́ Dáódù ni ìwọ̀nyí, owó kò sì rà wọ́n. Mo fẹ́ kí ẹ wádìí ara yín dáadáa níhìn-ín, nítorí pé ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n tí inú ń bí yóò pa àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí tì, yóò dákẹ́ ní ìpàdé, yóò ní kí wọ́n lọ bi olówó, nígbà tí ó bá sì di ọdún mélòó kan, yóò sọ pé wọ́n gba ipò òun. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kò sí ẹni tí ó lé yín dìde. Ẹ lè padà jókòó ní ìpàdé tí ń bọ̀, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nǹkan kan tún wà nínú lẹ́tà yín tí ẹ sọ ní gbólóhùn kan péré tí ẹ sì kọjá lọ: owó WAEC àti ìrànlọ́wọ́ ìgbà pólì. N kò rò pé ìlara ni gbogbo ohun tí ó wà lọ́kàn yín. Owó oṣù olùkọ́ ni ẹ fi tọ́ ọ, àwọn ọdún yẹn sì ni àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ yín fi ra ilẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo ọjọ́ kan tí àbúrò yín dìde níwájú ìyá àti ẹbí, tí ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni ó sọ mí di ènìyàn." Ṣé ìdajì ẹrù náà kò ní sọ̀ kalẹ̀? Bí yóò bá sọ̀, ẹ̀dùn ẹni tí wọn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìdajì yẹn, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ìlara. Ìlara, ẹni tí ó ní i ni yóò dá a bá ara rẹ̀ yanjú. Ọ̀rọ̀ àìdúpẹ́, ẹni méjì ní í jókòó sọ ọ́.

Ẹ sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ìpàdé, kì í ṣe lórí WhatsApp ẹbí, ẹ má sì rán ìyá tàbí ìyàwó yín sí i. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni, lójúkojú, ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ owó kò sí nílẹ̀. Ẹ lè sọ báyìí: "Àbúrò mi, mo ń gbìyànjú láti bá ọ yọ̀, n kò sì fẹ́ máa ṣe ojú ayé pẹ̀lú rẹ. Ó ń ṣe mí bíi pé o ti gbàgbé ọ̀nà tí a jọ rìn. N kò bèèrè owó. Ó kàn ń wù mí kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ pé o rántí." Ẹ má fo ibi tí ẹ ti ní ẹ kò bèèrè owó, nítorí pé ọ̀pọ̀ àbúrò ni ó ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá dúpẹ́ tán, ìwé gbèsè ni yóò tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ ìmoore lónìí tí ẹ sì yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la, ẹ ti ba méjèèjì jẹ́. Ó sì lè má dáhùn dáadáa. Ó lè ní òun ti ṣe fún ìyá, kí ni ẹ tún ń fẹ́. Ẹ má bá a jà. Ẹ ti sọ ohun tí ó wà nínú yín láìfi bú ẹnikẹ́ni, ìyókù kù sọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wíwò ni ó kàn. Àwọn àgbà ní àwòfín ní í ba ọ̀rẹ́ jẹ́, fírí ni à ń wo ẹni tí ó bá wuni. Wọn kò sì tíì rí fóònù nígbà náà. Ní ọdún 2015, Philippe Verduyn, Ethan Kross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé ẹni tí ó kàn ń wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn gbé sórí Facebook ṣáá, tí kò bá wọn sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ a máa bàjẹ́ sí i, ìlara sì wà lára ohun tí ó ń fà á. Bí ẹ bá ń wo status àbúrò yín láàárọ̀ kí ẹ tó bọ́jú, ẹ gbé e sí apá ibi tí kò ní máa yọ sí yín mọ́, WhatsApp gbà yín láàyè láti ṣe é láìjẹ́ pé ó mọ̀, kí ẹ sì máa pè é lórí fóònù dípò rẹ̀. Fọ́tò kì í sọ̀rọ̀ owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Ojú àwọn tí ń kó ọjà wọlé ti rí nǹkan láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà: dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní ìdíwọ̀n ìjọba kí ó tó di ìgbà yẹn ti kọjá 1,000 náírà ní ọdún 2024. Kọ̀ntéènà tí ó bá há sí èbúté, owó ni wọ́n ń kà lé e lórí bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. N kò sọ èyí kí ẹ lè tún rí ohun tí ẹ ó yọ̀ sí. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ bí ó ṣe ń sá sókè sá sódò, ọmọ tí ẹ tọ́ ni ohùn yẹn yóò mú padà wá sí ọkàn yín, kì yóò kàn jẹ́ onílé tí ẹ ń rí lójú fóònù.

Àwọn kan yóò ti sọ fún yín pé kádàrá ni, kí ẹ gba tiyín bẹ́ẹ̀. Wọn a máa fi ìtàn inú odù Ifá tí à ń pè ní Ògúndá Méjì ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà jọ ń bọ̀ wá sí ayé, wọ́n lọ yan orí ní ilé Àjàlá tí ń mọ orí, òjò ba orí àwọn méjì àkọ́kọ́ jẹ́ lójú ọ̀nà, ti Afùwàpẹ́ là á já. Nígbà tí ayé rẹ̀ dára, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sunkún pé àwọn kò mọ ibi tí olórí gbé yan orí, àwọn ìbá lọ yan tàwọn. Èsì tí wọ́n gbọ́ ni pé ibì kan náà ni wọ́n ti yan orí, kádàrá ni kò papọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń dúró sí. Ẹ padà sí àárín ìtàn náà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bi ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń mọ orí tí ó dára. Wọ́n bá Àjàlá kò sí nílé, wọ́n sì fi ojú lásán ṣa orí tí ó ní àbùkù. Afùwàpẹ́ yà kí bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó mú iyọ̀ dání, ó fún oníbodè tí ń fi eérú se ọbẹ̀ ní iyọ̀, oníbodè sì fi ọ̀nà hàn án. Ó bá Àjàlá níbi tí ó sá pamọ́ sí nítorí gbèsè, ó bá a san án, Àjàlá fúnra rẹ̀ sì bá a yan orí tí ó jiná. Ìbéèrè, ẹbọ, ọ̀yàyà àti owó àpò rẹ̀ ni ó wà nínú kádàrá yẹn. Bí mo bá wà níbẹ̀, ohun tí mo máa ní kí àwọn ọ̀rẹ́ náà bi Afùwàpẹ́ ni pé, "Báwo ni o ṣe ṣe é?"

Ìbéèrè yẹn lágbára ju bí ó ṣe rí lọ. Ní ọdún 2009 kan náà, ní ilẹ̀ Netherlands, Niels van de Ven àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé pé ìlara pín sí méjì: ọ̀kan ń fẹ́ kí ẹni tí ó wà lókè já wálẹ̀, èkejì ń fẹ́ gòkè bá a. Méjèèjì ni ó ń dun ni, ṣùgbọ́n bí a bá gbà pé ẹni náà ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó ní, èkejì ni ó sábà máa ń wá. Ẹni tí ó bá mọ bí àbúrò rẹ̀ ṣe sùn nínú ṣọ́ọ̀bù ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ọjà àkọ́kọ́ ṣe gbé owó rẹ̀ lọ, kò ní rí i bí ẹni tí ilé já lé lọ́wọ́ láti ojú ọ̀run. Kì í ṣe kí ẹ̀yin náà lè di oníṣòwò tòkunbọ̀ ni ẹ fi ń bi í, nítorí pé ẹni tí ó bá wo aago aláago ṣiṣẹ́ yóò pẹ́ dé ibi tirẹ̀. Ẹ lè bi í tán kí ẹ rí i pé ilé gan-an kò wù yín tó bí ẹ ṣe rò, pé ìwé ẹ̀kọ́ tí ẹ pa tì nígbà tí ẹ ń san owó pólì ni ó wù yín, tàbí ipò ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ìyẹn ni kí ẹ wá fi owó àti àkókò sí.

Wọ́n á ní kí ẹ máa dúpẹ́. Ó dára, Robert Emmons àti Michael McCullough rí i nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2003 pé àwọn tí ń kọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ fún sílẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà ní ìtẹ́lọ́rùn ju àwọn tí ń kọ ìyọnu wọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má dúpẹ́ pé ẹ sàn ju lágbájá tí kò níṣẹ́ lọ. Ìwọ̀n kan náà tí ń pa yín lára ni ìyẹn, ẹ kàn yí ojú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ni, ọjọ́ tí lágbájá bá sì ríṣẹ́, ẹ tún di aláìsùn.

Ní ti ìṣílé, ẹ lọ. Bí ẹ kò bá lọ, ẹbí yóò fi ẹnu ara wọn sọ ìdí rẹ̀, ẹ̀yin náà yóò sì jókòó sílé máa ya àwòrán àríyá tí ó dùn ju èyí tí wọ́n ṣe lọ. Ẹ tètè dé. Ẹ̀yin ni Dáódù, ẹ̀yin ni ó sì yẹ kí ẹ gbàdúrà ilé. Kí àdúrà náà kúrú, kí ó jẹ́ ohun tí ọkàn yín lè ṣe àmín sí, kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé nínú rẹ̀. Bí àyà bá ń fún yín, ẹ jẹun, ẹ kí ìyá, ẹ máa bọ̀ nílé. Kò sí ẹni tí ń ka wákàtí. Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí 37, Rúbẹ́nì ni àkọ́bí, òun sì ni àlá Jósẹ́fù kàn jù ní ti ipò, síbẹ̀ òun ni ó ní kí wọ́n má pa ọmọ náà, nítorí pé ó fẹ́ dá a padà fún bàbá wọn. Súrátù Yúsúfù náà sọ ti ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n tí ó ní kí wọ́n má pa á. Bíbélì kò sọ fún wa pé àlá yẹn kò dun Rúbẹ́nì, mo sì gbà pé ó dùn ún.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí oorun ṣì kọ̀ láti padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, tí oúnjẹ kò lọ, tí ayé sì ń sú yín, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìlara. Ẹ lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba, kí ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bí ó bá darí yín sí ẹ̀ka tí ń tọ́jú ọkàn àti ọpọlọ, ẹ má jẹ́ kí bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi orúkọ Arò ṣe yẹ̀yẹ́ dá yín dúró, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gba ìtọ́jú níbẹ̀ láti ọdún 1954 tí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Ó ku àwọn ọmọ yín. Àwọn ọmọ máa ń gbọ́ bí ohùn bàbá ṣe ń yí padà nígbà tí orúkọ àbúrò bàbá bá jáde, wọ́n sì máa ń mú ẹ̀gbẹ́ kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń sọ lórí tábìlì oúnjẹ. Bí ìsinmi bá dé, tí àbúrò yín bá ní kí wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ òun ní Èkó, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ, kí ẹ má sì bi wọ́n nígbà tí wọ́n bá dé bí tẹlifíṣọ̀n tí ó wà ní pálọ̀ ṣe tóbi tó.